Kíláàsì òkè tí wọ́n fẹ́ sọ di ilé ìkàwé, òkè tuntun lórí ilé ẹ̀kọ́: kí la gbọ́dọ̀ béèrè?

ÌyáKíláàsì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Olùkọ́ ni mí, mo sì wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó ilé ẹ̀kọ́ wa. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, ìsàlẹ̀ kan, òkè kan. Kọnkéré ni òpó àti bíìmù rẹ̀, búlọ́ọ̀kù ni ògiri. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti kọ́ ọ, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tí àwòrán rẹ̀ wọlé sí.

Ohun mẹ́ta ni ìgbìmọ̀ fẹ́ ṣe. Wọ́n fẹ́ wó ògiri tó wà láàárín kíláàsì méjì lókè, kí wọ́n sọ méjèèjì di ilé ìkàwé kan. Wọ́n fẹ́ gbé òkè mìíràn lé ilé náà lórí. Wọ́n sì fẹ́ kí yàrá ìtọ́jú tó wà nísàlẹ̀ ní ẹ̀rọ X-ray. Kọ́ńtírákítọ̀ wá, ó fi òòlù gbá òpó, ó ní ilé náà lágbára, kò séwu. Ọkàn mi ò balẹ̀. Ọmọ ọlọ́mọ ló máa jókòó síbẹ̀. Kí ni ká bi í? Ta ló tún yẹ ká pè?

ÒpóÀtiBíìmù

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Ìyá Kíláàsì. Ẹ́ńjìníà tó ń ṣírò agbára ilé ni mí, ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn ni iṣẹ́ mi sì pọ̀ sí jù. Inú mi dùn pé ẹ béèrè kí ẹnikẹ́ni tó wó nǹkan kan.

Ìwé ni kí n fi bẹ̀rẹ̀, torí òun ni àwọn èèyàn kì í fura sí. Nínú Eurocode, ìyẹn ìlànà ìkọ́lé tí wọ́n ń lò ní Yúróòpù, iye tí wọ́n dábàá fún kíláàsì tó ní tábìlì jẹ́ kìlóníútọ̀nù 3 lórí mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan, bíi kìlógíráàmù 300. Ti ibi tí wọ́n ń kó ìwé pamọ́ sí jẹ́ 7.5, ó lé ní kìlógíráàmù 750. Ìlànà ASCE 7 ti Amẹ́ríkà gbé 1.92 fún kíláàsì, ó sì gbé 7.18 fún yàrá tí pẹpẹ ìwé tò sí. Ẹ wo bí àlàfo yẹn ti fẹ̀ tó. Dẹ́kìn tó ti ń ru akẹ́kọ̀ọ́ láti ọdún gbọọrọ kò tíì fi hàn yín pé òun lè ru ìwé.

Yàtọ̀ sí èyí, ọmọ á jáde nígbà tí aago bá lù, ìwé á dúró. Kọnkéré tí ẹrù kì í kúrò lórí rẹ̀ tọ̀sán-tòru máa ń tẹ̀ sí i díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí kò bá tiẹ̀ fọ́. Ilẹ̀kùn á bẹ̀rẹ̀ sí í há, ògiri tó wà lábẹ́ bíìmù á bẹ̀rẹ̀ sí í sán.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ gbé kíláàsì lọ sókè, kí ẹ gbé ìwé wá sísàlẹ̀, níbi tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ á ti gba ẹrù náà. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ jẹ́ kí pẹpẹ ìwé kúrú, kí wọ́n tò ó sí tòsí bíìmù àti òpó, kí àárín dẹ́kìn wà fún tábìlì ìkàwé nìkan. Ìyẹn náà, ẹ́ńjìníà tó ti dé ilé yín gbọ́dọ̀ ṣírò rẹ̀ kí ẹ tó ṣe é.

Ní ti ògiri àárín, ẹ má wó o títí ẹ ó fi mọ ohun tó wà lórí rẹ̀ àti ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ṣé bíìmù wà lókè orí rẹ̀? Ṣé ògiri mìíràn wà nísàlẹ̀ tó bá a mu rẹ́gí? Bí kò bá sí bíìmù, ó ṣeé ṣe kí ògiri yẹn gan-an máa ru òrùlé. Bí bíìmù bá sì wà, ó lè ti tẹ̀ sórí ògiri náà láti ọjọ́ pípẹ́, kí ògiri máa bá a gbé nínú ẹrù náà láìjẹ́ pé ẹni tó kọ́ ilé ní in lọ́kàn bẹ́ẹ̀. Ògiri tún máa ń ran ilé lọ́wọ́ láti dúró nígbà tí atẹ́gùn líle bá ń tì í láti ẹ̀gbẹ́.

Fọ́ọ́mànÀgbà

Òótọ́ ni àbúrò mi Òpó sọ. Iṣẹ́ bíríkìlà ni mo fi bẹ̀rẹ̀ kí n tó di fọ́ọ́màn, mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Fífi òòlù gbá òpó máa ń jẹ́ kéèyàn gbọ́ ibi tí pílásítà tàbí kọnkéré ti ṣí kúrò lára irin, torí ìró rẹ̀ á yàtọ̀. Agbára òpó kò ṣeé mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Kí ẹ́ńjìníà tó dé, ẹ̀yin fúnra yín lè rìn yí ilé náà ká pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, bírò àti ìwé. Ẹ wo abẹ́ dẹ́kìn. Bí ẹ bá rí àbààwọ́n tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, irin inú rẹ̀ ti ń dípẹtà, irin tó bá sì dípẹtà a máa wú, á ti kọnkéré tó bò ó jáde. Ẹ wo igun àwọn fèrèsé. Ẹ wo bíìmù níbi tó ti fẹ́ kan òpó: ibi tó sán ní ìdagun níbẹ̀ ń kọ mí lóminú ju èyí tó sán tín-ín-rín ní òòró lágbedeméjì bíìmù lọ. Ẹ wo ibi tí páìpù gbà kọjá, pàápàá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Àwọn kan máa ń gbẹ́ ikùn bíìmù kí páìpù lè gba inú rẹ̀ kọjá, wọ́n á sì fi pílásítà bo ojú rẹ̀. Mo ti ṣí irú rẹ̀ rí, irin méjì ni wọ́n gé dànù níbẹ̀.

Ibikíbi tó bá sán, ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà kékeré sí ìpẹ̀kun rẹ̀ méjèèjì, kí ẹ kọ déètì sí i. Bó bá kọjá àmì yín lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ilé náà ṣì ń rìn. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ́ńjìníà tó bá gba irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ yín á dúpẹ́.

Ẹ má gbàgbé táńkì omi. Táńkì lítà 10,000 tó bá kún, tọ́ọ̀nù 10 ni omi inú rẹ̀ nìkan. Nígbà tí ilé bá fẹ́ ga sí i, táńkì náà ló sábà máa ń bá a gòkè, kò sì sẹ́ni tó ń dárúkọ rẹ̀ nínú ìṣírò.

Ní ti òkè tuntun, èmi rò pé ó ṣeé ṣe. A ti fi irin àti kọnkéré tuntun wé òpó rí lójú iṣẹ́, ó sì dúró.

AyẹIlẹ̀Wò

Bàbá wa, ẹ ṣeun. Ìpìlẹ̀ àti ilẹ̀ ni iṣẹ́ tèmi, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí Ìyá Kíláàsì tẹjú mọ́. Bí ẹ bá wé òpó nípọn tó báwo, ẹrù òkè tuntun á gba inú rẹ̀ kọjá lọ sínú ilẹ̀ ni. Ìpìlẹ̀ kò fẹ̀ sí i, ilẹ̀ kò sì le sí i nítorí pé òpó sanra.

Ẹ ní kí wọ́n gbẹ́ ihò sẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó bíi mẹ́ta, ọ̀kan ní igun ilé, ọ̀kan lára ẹ̀gbẹ́, ọ̀kan láàárín. Òpó àárín ló sábà ń ru ẹrù jù, òun sì ni wọn kì í fẹ́ gbẹ́ nítorí pé wọ́n á ní láti fọ́ ilẹ̀ kíláàsì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fọ́ ọ. Kí wọ́n wọn bí ìpìlẹ̀ ṣe fẹ̀, bó ṣe nípọn, bó ṣe jìn, kí wọ́n sì mú lára ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ lọ sí yàrá ìdánwò. Kí wọ́n má ṣí gbogbo ihò lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n má sì gbẹ́ kọjá ìsàlẹ̀ ìpìlẹ̀ láìsí ẹ́ńjìníà lójú iṣẹ́. Bí ilẹ̀ ibẹ̀ bá jẹ́ amọ̀ tó máa ń wú nígbà tó bá rin, tó sì ń sán nígbà tó bá gbẹ, kí ẹ sọ fún wọn.

Ilé tó bá rì bákan náà láti igun dé igun kì í sábà bàjẹ́ púpọ̀. Èyí tí apá kan rẹ̀ bá rì ju èkejì lọ ló ń fà ya. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń bẹ̀rù òkè tuntun tí wọ́n gbé lé ìdajì ilé.

Ní San Giuliano di Puglia, ní Ítálì, ilé ẹ̀kọ́ kan wó nínú ìmìtìtì ilẹ̀ ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 2002. Ọmọ 27 àti olùkọ́ wọn kan ló kú sínú rẹ̀. Wọ́n ti gbé òkè lé ilé àtijọ́ náà kí ọjọ́ yẹn tó dé. Ìtàn yẹn ló wá sí mi lọ́kàn bí mo ṣe ń ka ìbéèrè yín.

IrinFẹ́lẹ́fẹ́lẹ́

Ṣé wọn ò lè fi irin kọ́ òkè tuntun náà, kí wọ́n fi páànù àti pátákó ṣe ògiri rẹ̀? Ẹrù rẹ̀ á kéré sí ti kọnkéré àti búlọ́ọ̀kù lọ́pọ̀lọpọ̀. Èmi rò pé ìyẹn á yanjú ọ̀rọ̀ ìpìlẹ̀.

ÒpóÀtiBíìmù

Àbá tó dára ni, mo sì máa ń kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé òrùlé àtijọ́ ti di ilẹ̀ tí àwọn ọmọ á máa rìn lórí rẹ̀. Dẹ́kìn tí wọ́n ṣe fún òrùlé lásán kò rí bíi ti kíláàsì, bí ohun tó wà lókè rẹ̀ tilẹ̀ fúyẹ́. Ohun tó fúyẹ́ sì tún ní ìṣòro tirẹ̀: atẹ́gùn lè fà á sókè. Bóòtì tó so irin mọ́ kọnkéré àtijọ́ gbọ́dọ̀ di ohun tó lágbára mú. Nítorí náà, ó dín ẹrù ìpìlẹ̀ kù lóòótọ́, àyẹ̀wò tí Ayẹ Ilẹ̀ Wò sọ ṣì gbọ́dọ̀ wáyé.

Bàbá wa Fọ́ọ́màn, wíwé òpó dára bí a bá mú un láti ìpìlẹ̀ dé òkè, tí ìṣírò sì fọwọ́ sí i. Ibi tó ń bà mí lẹ́rù ni kí òkè wúwo, kó le, kí ògiri kún inú rẹ̀, kí ìsàlẹ̀ sì ṣófo pẹ̀lú òpó tẹ́ẹ́rẹ́. Ilé bẹ́ẹ̀, ìsàlẹ̀ ló ti ń ṣẹ́.

Kí n sọ díẹ̀ nípa àyẹ̀wò kọnkéré. Wọ́n á fẹ́ fi rebound hammer ṣe é, ìyẹn irinṣẹ́ tí wọ́n ń tì mọ́ òpó tó sì ń ta padà. Ojú kọnkéré nìkan ló ń kà. Kọnkéré àtijọ́ tí afẹ́fẹ́ ti wọ̀ máa ń le lójú, nọ́ńbà tí irinṣẹ́ náà fi hàn á sì ga ju agbára inú rẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi wá ibi tó yàtọ̀ sí ibòmíràn, lẹ́yìn náà kí wọ́n fi ẹ̀rọ gún kọnkéré yọ ní róbótó, kí wọ́n gbé e lọ sí yàrá ìdánwò kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ fọ́. Nínú ìlànà ACI ti Amẹ́ríkà, bí wọ́n bá yọ mẹ́ta, ìpíndọ́gba wọn gbọ́dọ̀ tó ìdá 85 nínú 100 agbára tí wọ́n kọ sínú àwòrán, kí ọ̀kankan nínú wọn má sì kéré sí ìdá 75. Ẹ̀yin kò ní àwòrán mọ́, nítorí náà ohun tí yàrá ìdánwò bá rí ni wọ́n á fi ṣírò gbogbo ilé náà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ojú inú kọ nọ́ńbà kan síbẹ̀.

Kí wọ́n tún fín phenolphthalein, ìyẹn oògùn olómi tí wọ́n fi ń dán kọnkéré wò, sí ojú kọnkéré tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Ibi tí àwọ̀ rẹ̀ bá yí padà di pupa rẹ́súrẹ́sú ṣì ń dáàbò bo irin. Ibi tí kò bá yí padà, carbon dioxide inú afẹ́fẹ́ ti wọ ibẹ̀. Bó bá ti wọ̀ ọ́ dé ọ̀dọ̀ irin, ìpẹtà ti rí ọ̀nà nìyẹn. Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀rọ tó ń wá irin láìfọ́ ògiri: á sọ ibi tí irin wà, á sì sọ bí kọnkéré tó bò ó ṣe nípọn tó. Síbẹ̀, kí wọ́n ṣí ojú kékeré kan lára òpó kan àti bíìmù kan, kí wọ́n fi ojú rí bí irin ṣe nípọn tó, àti bí ríǹgì tó yí i ká ṣe jìnnà síra.

OlùtọjúẸ̀rọ

Ẹ kú àárọ̀ o. Ẹ̀rọ ilé ìwòsàn ni mo ń tọ́jú, ẹ jẹ́ kí n dá ọ̀rọ̀ X-ray sí.

Ẹ ṣeun tí ẹ fi í sísàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo òkè orí rẹ̀: kíláàsì ló wà níbẹ̀. Ìtànṣán X-ray kì í dúró sí ojú ògiri nìkan, ó ń lọ sókè náà. Ẹni tó ní ìmọ̀ ààbò ìtànṣán gbọ́dọ̀ ṣírò ògiri, ilẹ̀kùn, fèrèsé ẹni tó ń tẹ ẹ̀rọ, àti dẹ́kìn tó wà lórí yàrá náà, kó mọ̀ bóyá bí dẹ́kìn ṣe nípọn tó ti tó tàbí kò tó. Ẹ béèrè ìwé ìṣírò náà. Mi ò lè sọ èyí tán.

Bí wọ́n bá ní kí wọ́n fi òjé kún ògiri, ẹ gbé e fún ẹ́ńjìníà ilé. Òjé tó nípọn ní mìlímítà 2 jẹ́ kìlógíráàmù 22.7 lórí mítà onígun mẹ́rin. Ògiri tó gùn ní mítà 4, tó ga ní mítà 3, ti gba bíi kìlógíráàmù 270 òjé nìyẹn, láìka ohun tó gbé e dúró àti ilẹ̀kùn tó wúwo. Bí dẹ́kìn kíláàsì bá wá nílò òjé, ẹrù tuntun ti gorí dẹ́kìn àtijọ́ nìyẹn.

Fún àwọn ilé ìwòsàn ńlá tó bá ń ka èyí: ẹ̀rọ MRI, tó ń fi agbára mágínẹ́ẹ̀tì ya àwòrán inú ara, máa ń wọn tọ́ọ̀nù mélòó kan, irin tó pọ̀ nínú dẹ́kìn àti ìgbọ̀nrìrì ilẹ̀ sì ń yọ ọ́ lẹ́nu. Yàrá ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tan ìtànṣán sí àrùn jẹjẹrẹ máa ń ní ògiri kọnkéré tó nípọn ju mítà kan lọ. Ẹ bi ẹ́ńjìníà nípa ọ̀nà tí ẹ̀rọ á gbà wọlé pẹ̀lú, torí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n á tì í gbà kọjá gbọ́dọ̀ ru ú lọ́jọ́ yẹn, àti lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń yọ ọ́ láti fi òmíràn rọ́pò.

Nọ́ọ̀sìTíátà

Èmi kì í ṣe ẹ́ńjìníà, yàrá iṣẹ́ abẹ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n mo máa ń jókòó nínú ìgbìmọ̀ ilé. Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo yín ní lọ́kàn ni pé aláìsàn kò lè sáré. Ẹni tí wọ́n la inú rẹ̀ lọ́wọ́, ẹni tó wà lórí ẹ̀rọ mímí, ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí. Nítorí náà ilé ìwòsàn gbọ́dọ̀ dúró, iṣẹ́ inú rẹ̀ náà sì gbọ́dọ̀ máa lọ.

Ní ọjọ́ 9 oṣù kejì ọdún 1971, ìmìtìtì ilẹ̀ San Fernando kọlu ilé ìwòsàn Olive View ní California. Kò tíì pé ọdún kan tí wọ́n ṣí ilé tuntun náà. Òpó ìsàlẹ̀ kò dúró, ilé yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, àwọn ilé àtẹ̀gùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ya kúrò lára rẹ̀. Wọ́n wó o, wọ́n sì kọ́ òmíràn tó lágbára gan-an. Nígbà tí ìmìtìtì Northridge dé ní 1994, òpó àti ògiri ilé tuntun náà dúró digbí. Ṣùgbọ́n páìpù omi tó wà fún pípa iná já, omi ya wọ inú ilé, wọ́n sì ní láti kó àwọn aláìsàn jáde. Nínú ìmìtìtì kan náà, USC University Hospital ní Los Angeles, tí wọ́n gbé lé àwọn rọ́bà nípọn láàárín ìpìlẹ̀ àti ilé, kò dáwọ́ iṣẹ́ dúró.

Nítorí náà ẹ béèrè nípa sílìn, nípa páìpù afẹ́fẹ́ ọ́síjìn, nípa kọ́bọ́ọ̀dù oògùn, nípa jẹnẹrétọ̀ àti bátìrì. Kí ni wọ́n fi so wọ́n mọ́ ilé? Ta ló ṣírò bóòtì wọn? Nínú ìgbìmọ̀ wa, ẹ́ńjìníà ilé rò pé ẹni tó ń ṣe iná ló ń ṣe é, ẹni tó ń ṣe iná rò pé kọ́ńtírákítọ̀ ni.

Ìgbọ̀nrìrì náà wà níbẹ̀. Dẹ́kìn lè lágbára kó sì máa gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀. Ìlànà HTM 08-01 ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba ìgbọ̀n láàyè ní yàrá iṣẹ́ abẹ ní ìdá kan nínú 8 èyí tó gbà ní ọ́fíìsì. Oníṣẹ́ abẹ tó ń rán iṣan ojú mọ ìdí rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́Ẹ́ńjìníà

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Mo fẹ́ bi ẹ̀gbọ́n Òpó: níbi tí ìmìtìtì ilẹ̀ kò ti sí tàbí tí kò pọ̀, ṣé gbogbo èyí ṣì kàn wọ́n?

ÒpóÀtiBíìmù

Ó kàn wọ́n. Ẹrù ìwé, ìpìlẹ̀ àti irin tó ń dípẹtà kò dúró de ìmìtìtì ilẹ̀. Atẹ́gùn sì ń ti ilé láti ẹ̀gbẹ́ níbi gbogbo.

Níbi tí ìmìtìtì wà, àwọn ìlànà kò ka ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn mọ́ ilé gbígbé. Eurocode 8 ní kí wọ́n fi 1.2 sọ agbára ìmìtìtì tí wọ́n ń ṣírò di púpọ̀ fún ilé ẹ̀kọ́, kí wọ́n fi 1.4 ṣe é fún ilé ìwòsàn, nígbà tí ilé lásán wà ní 1.0. California ti mọ èyí tipẹ́. Ìmìtìtì Long Beach ti ọjọ́ 10 oṣù kẹta ọdún 1933 ba ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ jẹ́. Ìrọ̀lẹ́ ló dé, àwọn ọmọ ti lọ sílé. Kò tó oṣù kan ààbọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ tí òfin Field Act fi jáde, pé ìjọba gbọ́dọ̀ yẹ àwòrán ilé ẹ̀kọ́ wò, kí alábòójútó sì wà lójú iṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ.

Àbúrò, ohun kan wà tí mo fẹ́ kí o máa wò ní gbogbo ilé ẹ̀kọ́ tí o bá wọ̀: ògiri abẹ́ fèrèsé. Wọ́n á mọ búlọ́ọ̀kù dé ìdajì òpó kí wọ́n lè fi fèrèsé sí òkè rẹ̀ jákèjádò kíláàsì. Ògiri ti há ìdajì ìsàlẹ̀ òpó mọ́. Ìdajì òkè nìkan ló lè yẹ̀ nígbà tí nǹkan bá ti ilé. Òpó tí gígùn rẹ̀ dín sí ìdajì a máa le ní ìlọ́po 8 sí ìtì ẹ̀gbẹ́, nítorí náà òun ló máa fa èyí tó pọ̀ jù nínú agbára náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀, á sì já ní ìdagun láìkìlọ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ló ti bàjẹ́ báyìí káàkiri ayé. Ẹ lè fi àlàfo sílẹ̀ láàárín ògiri àti òpó, kí ẹ fi fóòmù rírọ̀ dí i, kí irin kékeré sì di ògiri mú kó má ṣubú síta. Nínú ilé tuntun, kí ríǹgì sún mọ́ra láti ìsàlẹ̀ òpó dé òkè rẹ̀.

OlùtúnléṢe

Mo fẹ́ rán yín létí òrùlé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn tí wọ́n kọ́ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni wọ́n fi RAAC ṣe òrùlé rẹ̀, ìyẹn kọnkéré fífúyẹ́ tó kún fún ihò wẹ́wẹ́. Ní 2018, òrùlé ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Kent wó lópin ọ̀sẹ̀, kò sí ọmọ níbẹ̀. Nígbà tí ó fi máa di ìparí oṣù kẹjọ 2023, ìjọba ní kí ilé ẹ̀kọ́ tó lé ní 100 ti àwọn apá tó ní in pa, nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀ kí wọ́n wọlé. Omi tó ń jò sínú rẹ̀ ń sọ ọ́ di aláìlera, irin inú rẹ̀ sì ń jẹ. Bí òrùlé ilé tí ẹ ń mójú tó bá jẹ́ pátákó kọnkéré funfun tó rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìṣó lè wọ̀ ọ́ wẹ́rẹ́, ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni gun orí rẹ̀ kó tó dé.

Fọ́ọ́mànÀgbà

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́kù lọ́kàn mi fún ìgbà tí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má yí ohun tó wà nínú àwòrán padà lójú iṣẹ́ nítorí pé ó rọrùn bẹ́ẹ̀. Ní òtẹ́ẹ̀lì Hyatt Regency ní Kansas City, àwọn afárá ìrìnnà so rọ̀ sínú gbọ̀ngàn, méjì nínú wọn sì wà ní ọ̀kan lórí èkejì. Àwòrán ní kí ọ̀pá irin kan gùn láti òrùlé gba inú méjèèjì kọjá. Nígbà iṣẹ́ wọ́n pín in sí méjì, afárá ìsàlẹ̀ wá rọ̀ mọ́ ti òkè. Ẹrù tó dé orí ìsopọ̀ òkè di ìlọ́po méjì. Ní ọjọ́ 17 oṣù keje 1981, ó já, èèyàn 114 sì kú. Àyípadà yẹn kéré lójú ẹni tó bá wò ó.

Ẹ ní kí wọ́n kọ gbogbo àyípadà sílẹ̀, kí ẹ́ńjìníà fọwọ́ sí i kí wọ́n tó ṣe é. Kí wọ́n má fi omi kún kọnkéré kó lè ṣàn wẹ́rẹ́, torí omi àlékún ń jẹ agbára rẹ̀. Kí wọ́n da kọnkéré sínú mọ́ọ̀dù ìdánwò ní gbogbo ọjọ́ tí wọ́n bá da òpó tàbí dẹ́kìn, kí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ fọ́ ní ọjọ́ 28. Ẹ gba ìwé àbájáde rẹ̀ sọ́wọ́.

Àti rélì ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkè! Aago á lù, gbogbo kíláàsì á tú jáde pọ̀, wọ́n á fara ti rélì láti wo ìsàlẹ̀. Kí ẹ́ńjìníà ṣírò òun náà àti ibi tí wọ́n rì í sí.

ÒpóÀtiBíìmù

Ẹ ṣeun, bàbá wa. ASCE 7 ní kí rélì lè gba bíi kìlógíráàmù 75 tó ń tì í lórí gbogbo mítà kan. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gan-an, kìlóníútọ̀nù 5 ni Eurocode dábàá, ó ju ti kíláàsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ, nítorí ibẹ̀ ni èrò ń kó jọ sí.

ÌyáKíláàsì

Ẹ ṣé, ẹ ṣé gan-an ni. Mo tẹ gbogbo rẹ̀ jáde, mo kà á sétí ìgbìmọ̀. Wọ́n ti gbà pé ilé ìkàwé á wá sísàlẹ̀, kò sì sí òkè tuntun títí ẹ́ńjìníà tí kò bá kọ́ńtírákítọ̀ tan á fi ṣe àyẹ̀wò. Ìbéèrè méjì ló kù. Ṣé àwọn ọmọ lè máa wà lókè nígbà tí àyẹ̀wò bá ń lọ? Ṣé ihò tí wọ́n gún kò ní ba ilé jẹ́?

ÒpóÀtiBíìmù

Ìgbìmọ̀ yín ṣe dáadáa, Ìyá wa.

Ní ti ihò: kí wọ́n fi ẹ̀rọ wá irin kọ́kọ́ kí wọ́n má bàa gé e. Kí wọ́n má gún òpó tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí wọ́n bá lè rí ohun kan náà lára òpó tó sanra, kí wọ́n má sì gún bíìmù nítòsí òpó. Kí wọ́n fi símẹ́ńtì tí kì í súnkì dí ihò náà lọ́jọ́ kan náà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é nígbà ìsinmi, torí ariwo àti eruku rẹ̀ pọ̀.

Ní ti àwọn ọmọ: bí ìrìn àyíká yín kò bá fi ewu hàn, wọ́n lè máa lo kíláàsì bí wọ́n ṣe ń lò ó tẹ́lẹ̀, láìsí ẹrù tuntun kankan. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí ibi tó sán ní ìdagun lára bíìmù lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, tí etí káàdì lè wọ̀, tàbí òpó tí kọnkéré rẹ̀ ti bọ́ tí irin rẹ̀ sì ti tẹ̀, tàbí dẹ́kìn tó tẹ̀ tí ojú lásán rí i, ẹ kó wọn kúrò ní kíláàsì yẹn àti èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ ti ilẹ̀kùn, kí ẹ pe ẹ́ńjìníà. Kó sọ fún yín níbi tí wọ́n á ti fi igi tàbí irin gbé e dúró kí ẹnikẹ́ni tó padà wọlé.